Ibi Tí Àwítúnwí Ti Yí Padà: Bí A Ṣe Ń Tú Ẹsẹ Ifá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ewì àbáláyé ń dùn mọ́. Ẹsẹ Ifá ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí. Ẹni tó ń bọ Ifá àti ẹni tí kò bọ ọ́ lè jọ jókòó ti ewì yìí, nítorí bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti ohun tí títò náà ń sọ ni a bá wá síbí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àṣìṣe bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbé ẹsẹ Ifá kan fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò, tí a ní kó ṣàlàyé ọ̀nà èdè mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù nìyí: "Àwítúnwí wà ní ìlà kẹta sí ìkẹfà. Akéwì lò ó kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dùn, kó sì lè tẹnu mọ́ ọn." Olùkọ́ á fún un ní máàkì tó pé. Kò yẹ kó fún un ju ìdajì lọ. Ìdáhùn yẹn ṣeé lẹ̀ mọ́ ewì èyíkéyìí, látorí oríkì títí dé orin tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ. Ohun tó bá gbogbo ewì mu kò tíì sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà níwájú wa.

Àwítúnwí inú ẹsẹ Ifá, ògiri ni. Wọ́n mọ ọ́n gún régé kí ojú lè tètè rí ibi tí búlọ́ọ̀kù kan ti yọ. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àwítúnwí kò tíì rí nǹkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti yí padà láàárín àwọn tí kò yí ni kó wá lọ. Bó bá sì rí ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kó dúró síbẹ̀ pẹ́.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ egungun ẹsẹ kí a tó fọwọ́ kan ẹran ara rẹ̀. Odù Ifá, ìyẹn àwọn ìpín ńlá inú Ifá, jẹ́ 256: ojú odù 16, àti àmúlù 240 tí à ń pè ní ọmọ odù. Abẹ́ odù kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹsẹ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn pé ẹsẹ tó bá pé máa ń ní ẹ̀yà mẹ́jọ. Orúkọ awo tó dá Ifá ló ń ṣíwájú, ẹni tí wọ́n dá a fún ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìdí tí wọ́n fi dá a, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bí inú onítọ̀hún ṣe rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀, àti ìkádìí. Àwọn ẹ̀yà àárín yìí ni babaláwo máa ń fi ọ̀rọ̀ geere sọ nígbà mìíràn bí ẹni ń pàtàn, kó tó tún padà sórí ìyẹ̀rẹ̀, ìyẹn orin Ifá, tàbí kíkì.

Ẹ má ṣe há a sórí bí àkọ́sórí ìdánwò. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. "A díá fún" ló ń mú ẹni tó wá dá Ifá wọlé. "Wọ́n ní ó káalẹ̀, ẹbọ ní ó ṣe" ló ń ṣí ìkẹrin. "Ó gbọ́ rírú ẹbọ, ó rú" ni ìkarùn-ún. "Ó wá ń jó, ó wá ń yọ̀" ni ìkeje. Bí ẹ bá sì gbọ́ "ǹjẹ́" lẹ́yìn tí ìtàn ti tán, ẹ mọ̀ pé ìkádìí ti dé. Ẹ fàlà sábẹ́ wọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ewì tó dà bí igbó kìjikìji á ti ní ọ̀nà.

Àǹfààní kejì tó wà nínú èyí ni pé ó ń jẹ́ ká mọ ohun tó jẹ́ ti gbogbo ẹsẹ yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ ti ẹsẹ kan ṣoṣo. "Kò pẹ́, kò jìnnà" ń bẹ nínú ẹsẹ tí a kò lè kà tán. "Ó ya ẹnu kótó, orin awo ló bọ́ sí i lẹ́nu, ẹsẹ̀ tó nà, ijó fà á" náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtumọ̀ àrà ọ̀tọ̀ nínú irú gbólóhùn àjùmọ̀lò báyìí ń gbẹ́ kànga sórí àpáta. Iṣẹ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni láti fi ẹsẹ ewì múlẹ̀, kí akéwì lè mí, kí àwọn tó ń gbè é lè bá a gbé e. Síbẹ̀, nígbà tí gbólóhùn àjùmọ̀lò bá yí, ẹ ta gìrì. Ẹni tí kò rúbọ kì í kàn ṣe ẹni tí "kò rú" lásán. Wọ́n á ní ó pe awo lékèé, ó pe Èṣù lólè, ó wo ọ̀run yànyàn bí ẹni tí kò ní kú mọ́. Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń gòkè: ó bú ènìyàn, ó bú òrìṣà, ó wá ń wo ọ̀run gan-an. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni, ẹ sì mọ ibi tí ẹni tó gun àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ń balẹ̀ sí.

Ẹ̀yà kìíní, ìyẹn orúkọ awo, ló máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Wọ́n á rí gbólóhùn odindi tí a ní ó jẹ́ orúkọ ènìyàn, wọ́n á sì fò ó. Ìpàdánù ńlá ni. Nínú ẹsẹ Ogbè Méjì kan, ohun tó ṣíwájú ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ ẹ̀pà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ imumu. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà: ẹyọ kan, ẹyọ kan ló ń ta á sẹ́nu. Imumu, tí àwọn mìíràn ń pè ní òfio, bákan náà ni. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ "ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀" ti wà nínú etí wa, ọwọ́ wa sì ti mọ bó ṣe ń rí. Orúkọ awo máa ń ju kókó ẹsẹ sílẹ̀ báyìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kókó ni. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ka ẹsẹ parí, ẹ padà sí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó tún jẹ yọ nínú ìkádìí.

Ó tó àkókò ká gbé ewì kan kalẹ̀, ká sì tú u síra.

Nínú Ògúndá Méjì, tí í ṣe ojú odù kẹsàn-án, ẹsẹ gígùn kan wà tí ìbéèrè kan ṣoṣo gbé ró: "Ta ló tó alásàán bá ròkun?" Alásàán ni ẹni tó ń sin òrìṣà. Ròkun, re òkun ni, ìyẹn ni pé kí ìrìn àjò jìn dé òkun. Ta ló tó ẹni tí yóò bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn yìí dópin láì pẹ̀yìn dà? Ọ̀rúnmìlà ló bi àwọn òrìṣà.

Ṣàngó ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bi í pé: bó bá rìn títí, tó bá dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n fún un ní orógbó àti àkùkọ adìẹ kan ń kọ́? Ṣàngó ní bí òun bá ti yó tán, òun ó padà sílé òun ni. Wọ́n ní Ṣàngó kò tó alásàán bá ròkun. Ọya ní òun tó o, wọ́n bi í ní ti Ira àti ìkòkò ẹ̀gbo. Òòṣàálá ní òun tó o, wọ́n bi í ní ti Ifọ́n àti ìgbà tí wọ́n bá se igbín rẹpẹtẹ síwájú rẹ̀. Ẹlẹ́gbára dé Kétu. Ọ̀ṣun dé Ìjùmú, níbi tí ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ yánrin àti ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ ti ń dúró dè é. Òrìṣà ń yí, ìlú ń yí, oúnjẹ ń yí. Ìbéèrè kò yí, ìdájọ́ kò sì yí.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa òpó márùn-ún sí i: orúkọ òrìṣà, ìlú, oúnjẹ, ìdáhùn, ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ inú ewì gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ má kọ àlàyé, nítorí bí àlàyé bá ti wọlé, ojú kò ní rí ìyípadà kéékèèké mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka òpó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ewì ọ̀tọ̀ ni.

Òpó ìlú, máàpù ni. Kòso wà lọ́dọ̀ Ọ̀yọ́, Ira wà ní Kwara òde òní, Ìrè Ògún wà ní Èkìtì, Ìjùmú wà ní Kogi, Kétu sì bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin. Akéwì ti fi ìbéèrè kan rin ilẹ̀ Yorùbá já, ẹni tó bá sì gbọ́ orúkọ ìlú tirẹ̀ á dìde jókòó dáadáa. Òpó oúnjẹ ló wá mú mi lọ́kàn jù. Àwọn tó ń tú ewì yìí sáábà máa ń sọ pé oúnjẹ tí òrìṣà kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn ni akéwì tò, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ta ló ń se oúnjẹ náà? Ẹni tó ń sin òrìṣà ló ń se é. Gbẹ̀gìrì tí alásàán ń gbé síwájú Ṣàngó lọ́dọọdún, irú rẹ̀ gan-an ló máa dá Ṣàngó padà lójú ọ̀nà. Ohun tí a fi ń fa òrìṣà mọ́ra ló ń já òun àti ẹni náà sílẹ̀. Kò sí ìlà kan tó sọ èyí jáde nínú ewì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òpó kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹrin, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ má rí i.

Òpó kẹrin náà ní ibi tó ti ṣẹ́. Gbogbo wọn ní àwọn ó padà sílé bí àwọn bá yó tán. Ìgbà tó kan Ògún, tó ti jẹ ajá, tó ti mu ẹmu ní Ìrè, ó ní ìjálá ni òun ó máa sun kíkankíkan bọ̀ wálé. Akéwì dédé ki ewì ọdẹ bọ inú ewì Ifá. Ẹ̀rín máa ń sọ níbẹ̀, ó sì yẹ kó sọ: ọ̀mùtí tó ń kọrin bọ̀ láti òde àríyá ni ojú ń rí. Lẹ́yìn ìbéèrè kan náà léraléra, etí ti fẹ́ sùn. Akéwì fi ariwo jí i. Àmọ́ ẹ wo òpó karùn-ún: ìdájọ́ Ògún kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ohùn dídùn kò dín ọ̀nà kù.

Ó kan Ọ̀rúnmìlà. Òpó oúnjẹ wú lójijì. Wọ́n ní bó bá dé Òkè Gẹ̀tí, tí wọ́n bá fún un ní

Eku méjì olùwéré,
Ẹja méjì abìwẹ̀gbàdà,
Obídìẹ méjì abẹ̀dọ̀ lùkẹ́lùkẹ́,
Ewúrẹ́ méjì abàmú rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀,
Ẹinlá méjì tó fìwo ṣòṣùká.

Àwọn tó kù gba abọ́ oúnjẹ. Èyí gba agbo ẹran. Ẹ kà á: oríṣi márùn-ún, méjì méjì, ó sì ń tóbi sí i láti orí eku tó ń yára kiri dé orí màlúù. Olúkúlùkù ló ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe tirẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ kí a fi etí rí ẹran náà. "Lùkẹ́lùkẹ́" ń mì bí ẹ̀dọ̀ tó tóbi. "Rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀" wúwo, ó ń fà sílẹ̀, gbogbo ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́: màlúù tí ìwo rẹ̀ ká lé e lórí bí òṣùká. Ó ń wuni láti sọ pé òṣùká yìí, tí a ń fi sórí, ti ń tọ́ka sí Orí tó ń bọ̀ níwájú. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àtòjọ yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ mìíràn tí wọn kò mẹ́nu kan Orí rárá. Ó wà lára gbólóhùn àjùmọ̀lò tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó jẹ́ ti ẹsẹ yìí nìkan ni ibi tí wọ́n gbé e sí, ìyẹn ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn, kí ìṣubú rẹ̀ lè dún. Nítorí Ọ̀rúnmìlà náà ní bí òun bá yó tán, òun ó padà sílé. Wọ́n ní kò tó.

Ewì Ifá nìyí o, ẹnu babaláwo ló sì ti ń jáde, síbẹ̀ ó dá ẹni tó ni ín lẹ́bi pẹ̀lú gbólóhùn kan náà tó fi dá Ṣàngó lẹ́bi. Ẹni tó bá fò ibí yìí ti fo ìdajì ewì náà.

Akápò, ìyẹn ọmọ-ẹ̀yìn Ọ̀rúnmìlà, kò rí ojútùú. Ó ní òun jẹ́wọ́ ọ̀bùn, kí Ọ̀rúnmìlà wá daṣọ bo òun. Àìmọ̀ di ìdọ̀tí ara, ìmọ̀ di aṣọ. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kékeré kan ni, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó kọjá. Ọ̀rúnmìlà wá sọ pé Orí nìkan ló tó alásàán bá ròkun. Ẹ̀rí tó mú wá ni pé láti ọjọ́ tí ọmọ aráyé ti ń kú, ta ni wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sin ín?

Ibí ni ìfọ̀rọ̀dárà tó gbé gbogbo ewì náà wà. Orí tí ẹ̀rí náà ń wí ni orí tí irun wà lórí rẹ̀. Orí tí wọ́n ń fi ẹ̀rí náà gbè ni orí inú, ìpín tí ẹ̀dá yàn lọ́run. Ọ̀rọ̀ kan, ohùn kan, ìtumọ̀ méjì. Bí a bá túmọ̀ ewì náà sí èdè tó ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún méjèèjì, ẹ̀rí náà á fọ́ ní ojú ẹsẹ̀, nítorí kí ni ìsìnkú ẹran ara fẹ́ jẹ́rìí nípa ìpín? Nínú èdè Yorùbá, kò sí ẹni tó ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Orí ń bá ọ wọ kòtò, ó tán.

Ẹ padà sí ìwé tí ẹ fa òpó sí. Ní ìlà Orí, òpó ìlú ṣófo. Òpó oúnjẹ ṣófo. Wọn kò bi Orí pé "bí o bá dé ilé baba rẹ ń kọ́", nítorí orí kò ní ìlú mìíràn tó lè yà sí. Ọrùn ni ilé rẹ̀. Àpótí àwọn òrìṣà tó ṣíwájú nínú ìwé yẹn kún, Orí kò ní nǹkan kan nínú tirẹ̀, àìní nǹkan yẹn ló sì jẹ́ kó lè lọ. Ẹni tó ka àwítúnwí tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ó ń mú ewì dùn" kò ní rí àpótí òfìfo yìí láéláé.

Ìkádìí ewì náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀:

Orí, pẹ̀lẹ́,
Atètè níran,
Atètè gbe ni kòòṣà.
Kò sóòṣà tí í dá ni í gbè
Lẹ́yìn orí ẹni.

Ẹ jẹ́ ká fi gílóòbù sún mọ́ ọn. "Kòòṣà", kí òòṣà ni: ẹni tó tètè ń gbe ni kí òòṣà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn aláwòkọ máa ń kọ ọ́ bíi "kò òòṣà", wọ́n á sì sọ gbólóhùn náà di òdì tí kò ní ìtumọ̀. Ibi tí fáwẹ̀lì bá ti jẹ ara wọn, ẹ kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó wí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ "gbe" àti "gbè". Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀ tó gbà á bá tẹ̀ lé e, bí "tàn" ṣe di "tan" nínú "kì í tan ni jẹ". Nítorí náà, gbígbè tó ní ẹni tó gbà á ní ohùn kan, èyí tó dá dúró ní ìparí ìlà ní òmíràn. Ìlà tó ń sọ nípa òòṣà tó ń dá gbè náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti dá dúró.

Ọ̀rọ̀ "lẹ́yìn" ni àwọn olùtúmọ̀ máa ń kù síbẹ̀. Wọ́n á ní "yàtọ̀ sí orí ẹni". Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ìlà méjì tó ṣíwájú ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "atètè": ẹni tó yá, ẹni tó wà níwájú. "Lẹ́yìn" wá dáhùn "atètè". Òòṣà tí yóò gbe ni, ẹ̀yìn orí ló ń tò sí. Ìrìn àjò ni ewì náà fi bẹ̀rẹ̀, ìtò lójú ọ̀nà ló sì fi parí: ta ló wà níwájú, ta ló wà lẹ́yìn.

Gbogbo ohun tí a sọ yìí dúró lórí ohùn, nítorí náà ẹ̀dà ewì tí kò ní àmì ohùn lè ṣi ènìyàn lọ́nà pátápátá. Ní apá ti Òòṣàálá, "igbin" tí kò ní àmì lè jẹ́ igbín tí wọ́n sè, ó sì lè jẹ́ ìgbìn, ìlù Ọbàtálá, tí í ṣe Òòṣàálá yìí kan náà. Méjèèjì bá òrìṣà náà mu, nítorí náà àyíká ọ̀rọ̀ nìkan kò tó láti gbà wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nítòsí, sè tàbí lù, ni kí ẹ wò. "Ori" lè di òrí tí a fi ń para. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ máa fi wé ara wọn, ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ láti ẹnu awo.

Ohun tí à ń fi rúbọ pẹ̀lú, etí ló ń túmọ̀ rẹ̀. Obì ní í bi ikú, obì ní í bi àrùn. Orógbó ní í jẹ́ kí ènìyàn gbó. Ẹ dán an wò: ẹ fi èso mìíràn rọ́pò obì nínú àdúrà yìí, kó sì jẹ́ èyí tó dùn jù ú lọ. Àdúrà á ṣubú lulẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe "bì" tí ń ti nǹkan dànù kò sí nínú orúkọ èso tuntun náà. Ìdánwò rírọ́pò yìí ló dára jù láti fi mọ̀ bóyá ọ̀nà èdè kan ń ṣiṣẹ́ tàbí ó kàn ń ṣe ọ̀ṣọ́. Ní Cuba, àwọn ọmọ Lukumí, ìyẹn ìran Yorùbá tó wà níbẹ̀, kò rí obì tí wọ́n mọ̀ nílé lárọ̀ọ́wọ́tó, wọ́n sì mú àgbọn. Obí ni wọ́n ń pè é títí di òní, òun sì ni wọ́n fi ń dá obì. Igi yí padà, orúkọ kò yí. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ní òpin ọ̀rọ̀ náà ni kò bá wọn débẹ̀, nítorí etí tó ti mọ́ èdè Sípáníìṣì ń gbọ́ ìtẹnumọ́ níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn. Ìdí nìyí tí ìfọ̀rọ̀dárà fi ṣòroó gbọ́ nínú orin wọn, tí ìtàn àti òwe inú odù sì di ohun tí wọ́n gbámú jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan kún un, èyí tó kúrú. Ìtàn náà ni pé Ọ̀rúnmìlà fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìwà, kò tọ́jú rẹ̀, obìnrin náà sì lọ. Ọ̀rúnmìlà wá ń wá a láti ilé dé ilé, ó ń kọrin:

Bí a lówó lọ́wọ́ tí a kò níwà,
Owó olówó ni.
Ìwà, ìwà là ń wá o, ìwà.
Bí a bímọ tí a kò níwà,
Ọmọ ọlọ́mọ ni.
Ìwà, ìwà là ń wá o, ìwà.

Orin náà tẹ̀ síwájú sí ilé onílé, ó dé aṣọ aláṣọ. "Ìfohunpènìyàn" ni akẹ́kọ̀ọ́ á kọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń da orin náà kọ, lẹ́tà wo ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ "ìwà"? Bí a bá fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, ìyàwó nìkan ló kù. Bí a bá fi kékeré kọ ọ́, ìyàwó ti sá lọ lẹ́ẹ̀kejì. Etí kì í gbọ́ lẹ́tà ńlá. Ọkọ tó ń wá aya àti ẹ̀dá tó ń wá ìwà wà nínú ohùn kan náà. Inú ìlà yẹn kan náà ni "wà" ti pàdé "wá", ohùn nìkan ló pín wọn níyà: ohun tó wà ni à ń wá.

Ẹ tún wo "owó olówó". Owó ló wà nínú "olówó", bí ọmọ ṣe wà nínú "ọlọ́mọ", tí ilé wà nínú "onílé". Ọ̀rọ̀ tó dárúkọ ohun náà ló bí ọ̀rọ̀ tó dárúkọ ẹni tó ni ín, méjèèjì sì tì ara wọn mọ́lé. "A" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, tó ní owó lọ́wọ́, kò sí nínú wọn mọ́. Gírámà ti gba ohun ìní lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó, ọmọ, ilé, aṣọ. Ire kan wà tí awo kì í gbàgbé, òun ni àìkú, kò sì sí nínú orin tí a kà yìí. Ẹ gbìyànjú láti fi sí i: "Bí a kò kú tí a kò níwà..." Kí ni yóò tẹ̀ lé e? "Àìkú aláìkú ni"? Gbólóhùn náà kò dúró. Orúkọ tí awo ń pe ire yẹn ni àìkú parí ìwà, níbi tí ìwà ti túmọ̀ sí wíwà láyé fúnra rẹ̀. Ẹni tó lówó láìníwà ṣì wà níbẹ̀ tí a lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìwà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀ kejì yìí kò sí níbẹ̀ mọ́ tí a ó fi sọ pé kò kú, nítorí náà akọrin fi àpótí yẹn sílẹ̀ lófìfo.